Bùtà Tí Bàbá Mi Àgbà Fẹ́ Gbà Padà

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì ni bàbá mi àgbà dákẹ́. Èmi wà níbẹ̀. Àǹtí Sìdí, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, wà níbẹ̀. Rìsí, ọmọ Àǹtí Sìdí, ló ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí èémí tán, títí ìyá rẹ̀ fi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí Àlùfáà mọ́sáláṣí wa fi máa dé, a ti pa ojú Bàbá dé. A sin ín sí ẹ̀yìn ilé wa ní Bẹyẹrúnká kí oòrùn tó wọ̀.

Ó ti lé lógún ọdún báyìí. Àwọn ọmọ ilé tí kò bá a láyé ní kí n kọ nǹkan nípa rẹ̀ sílẹ̀. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwé kò sì tètè tẹ̀ mí lọ́wọ́; mo ti lé ní ọmọ ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó fi mí sí kíláàsì àkọ́kọ́. N kò lè kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fi ojú rí ni màá kọ.

Iṣẹ́ páànù ni Bàbá ń ṣe. Bùràímọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Alábùtà ni wọ́n ń pè é láti Bẹyẹrúnká dé Ìdí Àrẹrẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, tó kọjú sí ọ̀nà tó gòkè lọ sí Mápó, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Agolo epo àti àjákù páànù ló fi ń ṣe bùtà. Á gé páànù náà, á ká a, á fi òòlù kékeré lù ú mọ́ irin. Lẹ́yìn náà á yọ́ òjé lórí ẹ̀yinná, á fi irin gbígbóná fà á sí ibi tí páànù méjì ti pàdé kí omi má baà jò. Ní ìdí bùtà kọ̀ọ̀kan, á fi ìṣó tẹ àmì mẹ́ta tó tò bí ààrò. Kò mọ̀wé. Àmì mẹ́ta yẹn ló fi ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Kì í jẹ́ kí bùtà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá ṣe é tán. Á pọn omi kún un, á gbé e sórí bébà gbígbẹ, á fi í síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí bébà bá tutù, kódà kó jẹ́ ẹ̀kán kan péré, á tú bùtà náà palẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò kàn fi òjé díẹ̀ kún ojú ibẹ̀, kí oníbàárà sì máa gbé e lọ. Ó ní, "Jẹ́ kó jò lọ́dọ̀ mi níbí."

Ohun tí ń jò tí kò ṣeé rí lórí bébà ni kò mọ̀.

Bàbá fẹ́ràn láti máa tú nǹkan. Aago tó bá kú, tọ́ọ̀ṣì, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹnu rẹ̀ jáde: "Tú u, kí n rí inú rẹ̀." Mo ń kọ́ iṣẹ́ réwáyà mọ́tò ní Òkè Bọ́lá ní ìgbà yẹn, mo sì fi oṣù púpọ̀ tọ́jú owó ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Bẹẹrẹ. Ó wọ táì. Inú búùtù mọ́tò ló ti ń tà á, páálí tuntun tí wọ́n fi ọ̀rá dì pinpin. Ó ní ẹni tó bá ṣí i kó tó délé ti ba gàrántì rẹ̀ jẹ́. Mo gbé e délé bí ẹni gbé ẹyin.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Tú u."

"Bàbá, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ sinmi ná. Gàrántì rẹ̀ á bàjẹ́."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá mú àlùmọ́gàjí ìgépáànù, ó gé páálí náà. Pákó kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e, wọ́n sì fi iyanrìn tútù sínú ọ̀rá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wúwo. Àǹtí Sìdí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Àkànní, yí i sókè díẹ̀ ká gbọ́ ìròyìn!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìwé ìròyìn náà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí òun lè kà. Ó wá wí fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Ẹni tó ní kí o má ṣí i ti mọ ohun tó fi síbẹ̀."

Àwọn tó bá a ní ọjọ́ ogbó kò mọ̀ ọ́n sí alábùtà mọ́. Arúgbó kan tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Bí iná bá ti ṣẹ́jú, á ní kí a yọ gbogbo nǹkan kúrò lára ògiri, á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri wò bóyá ó gbóná. Ìyàwó mi tó ti dolóògbé, nígbà tó lóyún àkọ́bí wa, Bàbá kò jẹ́ kó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà fún oṣù mẹ́sàn-án, ó sì ń bínú sí mi lórí rẹ̀. Àwọn ọmọdé àdúgbò ní tiwọn sọ Bàbá ní Bàbá Ṣó-Ti-Ṣu. Orí àpótí ló máa ń jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà, á sì máa dá wọn dúró.

"Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Ìyá Oníyọ̀ ni mí, sà."

"Sún mọ́ ibí. Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Ẹ̀kọ àti àkàrà."

"Inú ò run ọ́? Ṣó o ti ṣu lónìí?"

Nígbà tó ń bèèrè èyí, á ti fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ọmọ náà sílẹ̀, á máa wo inú rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Oníyọ̀ fúnra rẹ̀ kígbe láti òdìkejì ọ̀nà: "Ẹ̀yin Bàbá yìí náà, ẹ jọ̀ọ́! Ilé kéú lọmọ mi ń lọ, kò lọ ṣáláńgá!" Àwọn tó ń kọjá rẹ́rìn-ín. Bàbá fi ọmọ sílẹ̀. Ó dá a lóhùn pé, "Kò burú. Ẹ bá mi bi í tó bá dé."

Mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá. Èmi ni mo yẹ kí n mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọjà'ba ni Bàbá ti máa ń ra òjé tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, òjé wọ́n, lẹ́yìn náà a kò rí i rà mọ́. Ní Òkè Bọ́lá, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, òkú bátìrì mọ́tò ga bí àkìtàn. Ọ̀gá mi ń wá ẹni tó máa bá òun kó wọn kúrò. Mo mọ̀ pé òjé wà nínú wọn. Mo gbé ẹyọ kan wálé.

Bàbá wò ó yíká. "Tú u, kí n rí inú rẹ̀."

Mo da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà. Ó hó lórí òkúta bí ọṣẹ. A fi òòlù fọ́ ọ, a kó ohun dúdú inú rẹ̀ jáde, a gbé e kaná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjé yọ́, ó ń dán bí omi fàdákà. Inú Bàbá dùn bí ẹni rí ìṣúra. Láti ọjọ́ náà, mo ń gbé òkú bátìrì wá ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èéfín rẹ̀ máa ń ta wá lọ́fun, a ó sì mu omi lé e. Rìsí ń lọ sí ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ẹ̀bá iná ló máa ń jókòó sí, eérú funfun tó wà lórí òjé ló fi ń ṣeré. Bí mo bá ti ọ̀dọ̀ iṣẹ́ dé, èmi ni màá gbọn eérú náà kúrò lórí rẹ̀, màá sì gbé e pọ̀n.

Nígbà àwẹ̀ ọdún yẹn, Bàbá kò ta bùtà kankan. Ó fi gbogbo rẹ̀ ṣe sàárà. Ó fún àwọn opó, ó fún ilé kéú, ó kó wọn lọ sí mọ́sáláṣí tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì. Bùtà kì í ṣe ti àlùwàlá nìkan nígbà náà. Òun ni wọ́n fi ń se omi ògì, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ àgbo sí ọmọ lẹ́nu. N kò rí Bàbá kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Á na ẹsẹ̀ lẹ́yìn ìṣínu, á ní, "Ọlọ́hun ló fi òkú bátìrì yẹn ránṣẹ́ sí mi."

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Rìsí lẹ́yìn ọdún ìtúnu àwẹ̀ kejì. Kò jẹun. Ó funfun lójú. Wọ́n fún un ní àgbo ìyàgbẹ́, wọ́n fún un ní ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gìrì gbé e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, eyín rẹ̀ pa pọ̀. Èmi ni mo sáré gbé e wọ ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ bá mi lọ láìwọ bàtà, Bàbá sì tẹ̀ lé wa.

Ní ilé ìwòsàn, ọjọ́ kejì, dókítà obìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún bi wá pé, "Ta ló ń ṣiṣẹ́ bátìrì nínú ilé yín?"

Àǹtí Sìdí ní, "Kò sí o, dókítà. Páànù ni bàbá wa ń ṣe."

"Kò sí ẹni tó ń fọ́ bátìrì mọ́tò, tó ń yọ́ ọ?"

Bàbá ti jókòó sẹ́bàá ògiri láti àárọ̀. Ó dìde. "Èmi ni. Kí ló dé?"

Dókítà náà rọra bá a sọ̀rọ̀. Ó ní májèlé ni òjé inú bátìrì, èéfín rẹ̀, eérú rẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n bá da omi rẹ̀ sí. Ó ní ó lè wà lára àgbàlagbà fún ọdún púpọ̀ kó má mọ̀, ṣùgbọ́n ara ọmọdé kò lè gbà á. Inú á máa run ún, kò ní lè ṣu, ẹ̀jẹ̀ á kúrò lójú rẹ̀, tó bá sì dé ọpọlọ, gìrì ni.

Bàbá ní, "Tí wọ́n bá fi jó bùtà ńkọ́?"

"Bùtà wo, Bàbá?"

"Bùtà omi. Tí ọmọ ń mu nínú rẹ̀."

Dókítà wò ó. "Ta ló ń lò ó?"

Mo rí Bàbá tó ń fi àtàǹpàkò kan orí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka àwọn ilé tó fún. Ó ka ọwọ́ kan tán, ó ka èkejì tán, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Dókítà kò sọ pé bùtà ló ṣe Rìsí. Kò sọ pé kì í ṣe bùtà. Ó lè jẹ́ èéfín, ó lè jẹ́ eérú tó fi ń ṣeré. Ó ní kí a má fi òjé bẹ́ẹ̀ kan ohun tí ènìyàn ń jẹ tàbí ń mu mọ́, kí a sì kó gbogbo èyí tó wà níta wọlé. Rìsí kò kú. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ìwé kò sì wọ orí rẹ̀. Ní ọ̀nà nígbà tí a ń bọ̀ wálé, mo sọ fún Bàbá pé èmi ni mo gbé bátìrì náà wá. A kọjá Mápó. Ó wá ní, "Èmi ni mo dáná."

Ọjọ́ náà ló pa iná rẹ̀. Ó ní kí n fi ṣọ́bìrì há ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ibi tí amọ̀ pupa ti hàn. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí ìgboro.

Ó kó bùtà ike dání, irú tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà. Ó ti ta báísíkù rẹ̀ kó tó rí wọn rà. Ilé dé ilé, á kí wọn, á ní kí wọ́n gbé bùtà wọn wá, á yí ìdí rẹ̀ sókè wo àmì mẹ́ta. Ní mọ́sáláṣí, bí wọ́n ti pe ìrun Àṣàrí, á ti wà nídìí omi, á máa yí bùtà padà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ọkùnrin kan tí omi ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ pariwo pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe àlùwàlá wa ná! Àbí ẹ ti di ọlọ́pàá bùtà?" Bàbá ní, "Ẹ fi ike yìí ṣe é. Ẹ fún mi ní tọwọ́ yín."

Àwọn kan fún un. Àwọn kan gba ike, wọ́n sì gbé ti páànù pamọ́. Ẹni tó le jù ni Ìyá Mùsílì ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Opó ni. Àwọn ìbejì tí Mùsílì ọmọ rẹ̀ bí wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi àti Bàbá lọ.

"Bàbá Alábùtà, ṣé èmi ni mo wá bẹ̀ yín fún un?"

"Ẹ̀yin kọ́."

"Ẹ gbé e wá bá mi ní ọdún tí ọkọ mi kú. Ẹ ní nítorí Ọlọ́hun ni. Ṣé Ọlọ́hun ti sọ pé òun ò fẹ́ mọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, kò dára fún àwọn ọmọ. Ẹ wo èyí, tuntun ni."

"Èyí tí iná máa yọ́! Kí n gbé ike kaná? Mo ti gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ogbó ti ń dé sí yín, ẹ ń gba sàárà padà láti lọ tà á." Ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ tó ń wí nínú ilé pé, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá mu omi yín."

Bàbá dúró síwájú ilẹ̀kùn náà. Mo fà á lápá. Ó ní, "Ó ti ń rọ ọ́ fún wọn."

Àwọn bùtà tó rí gbà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kó wọn sí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ dà wọ́n sí ààtàn.

"Àwọn wo ló máa ń lọ sí ààtàn?"

"Àwọn tó ń ṣa páànù."

"Ta ni wọ́n máa ń tà á fún?"

Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà.

"Èmi," ni Bàbá wí.

Nígbà tó ṣe, mo gbẹ́ ihò jíjìn ní ẹ̀yìnkùlé, a kó wọn sí i pẹ̀lú ilẹ̀ tí mo há, a sì da kọnkéré lé e lórí. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a ṣe. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Mo máa ń rí bátìrì fóònù tó ti wú nínú gọ́tà ní Bẹẹrẹ báyìí, mo máa ń kọjá lára rẹ̀, lẹ́yìn náà màá padà. N kì í mọ ohun tí màá fi ṣe.

Àlùfáà àti Bàbá jọ ké kéú ni. Ó bínú nígbà tó gbọ́ pé Bàbá fẹ́ dìde sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Iwájú mi ni wọ́n ti jà á.

"Bùràímọ̀, o ti fi fún Ọlọ́hun. A kì í gbà á padà."

"Ọlọ́hun kò mu omi nínú rẹ̀, Àlùfáà. Ọmọ Mùsílì ló ń mu ún."

"Wọ́n á ní inú àwẹ̀ la ti fún wọn ní májèlé jẹ. O ò ro tiwa. Orúkọ tìrẹ náà á bàjẹ́ o!"

"Ó ti bàjẹ́. Wọn ò tíì gbọ́ ni."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, bí wọ́n ti sálámà parí ìrun, Bàbá dìde láàárín sàfù, ìlà àwọn tó ń kírun. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ̀yin ènìyàn. Bùtà tí mo pín ní àwẹ̀ méjì tó kọjá, májèlé wà lára rẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà, mo ti mọ̀ báyìí. Ẹ yí ìdí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí àmì mẹ́ta, ẹ má mu omi nínú rẹ̀ mọ́, ẹ gbé e wá fún mi."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní gba sàárà èṣí náà?" Àwọn èwe rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán nígbà tí ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́bàá òpó dìde. Mo mọ̀ ọ́n, alápatà ni. Ó ní, "Ọmọ mi tí gìrì pa ní èṣí ńkọ́? Bùtà yín ni a fi ń fún un ní omi."

Àlùfáà wo ilẹ̀. Mo rò pé Bàbá á jókòó, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó kọjú sí ọkùnrin náà. Ó wá ní, "N kò mọ̀. Ó lè jẹ́ òun." Ọkùnrin náà mú bàtà rẹ̀, ó jáde. Kò bá Bàbá sọ̀rọ̀ mọ́ títí Bàbá fi kú.

Kí n tó parí, mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń kà á pé àwọn ìbejì Mùsílì kò kú. Ọ̀kan nínú wọn ń ránṣọ ní Ọjà'ba di òní olónìí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù lórí wọn bí a ṣe bẹ̀rù.

Bàbá kò jẹun ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jí, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tẹ́ àpò òfìfo síwájú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gbé bùtà wá. Àwọn mìíràn ń jù ú sílẹ̀ láìkí i. Sí gbogbo wọn, "Ẹ ṣeun" ló ń wí.

Ìyá Mùsílì dé, ó pọn Táyé, ó di Kẹ́hìndé mú lọ́wọ́. Ó sọ bùtà mọ́ ilẹ̀.

"Ẹ gbà á! Ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn!"

"Ẹ ṣeun."

"Ẹ má kí mi! Kẹ́hìndé ò jẹun láti ìjẹta. Mo rò pé eyín ló ń yọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ẹ fi síbẹ̀, ẹ wò ó fún mi!"

Bàbá dìde. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó kọ́kọ́ lọ sídìí àmù, ó bu omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá, ó tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Mùsílì ń wò ó. Ohùn rẹ̀ ti yí padà nígbà tó bèèrè pé, "Ṣé wọn ò ní kú?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀!"

"N kò mọ̀. Dókítà kan wà tó mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ẹsẹ̀ ń ro mí. Méjèèjì ni kí n gbé?"

Mo bọ́ síwájú láti gbé Kẹ́hìndé. Bàbá fi apá tì mí sẹ́yìn. Ó ní kí Ìyá Mùsílì yá òun ní ìborùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ náà sẹ́yìn, ó fi ìborùn wé e mọ́ra, ó so ó ní àyà. N kò rí ọkùnrin tó dàgbà tó o kó pọn ọmọ ní gbangba rí. Ọjọ́ Sátidé ni, ọ̀nà Mápó kún fún àwọn tó ń lọ sí Ọjà'ba. Ẹnì kan kígbe pé, "Bàbá Alábùtà, ìyá ọmọ dà?"

Bàbá kò wo ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí ọmọ náà, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Ìyá Mùsílì tẹ̀ lé e, ó ń bú u, ó ń sunkún, ó ń bú u lọ.